Fìlà Mẹ́ta Tí Loveday Rán

Ìyá Grose alásè ló kọ́kọ́ rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ilé ìfọṣọ láti fa igi ẹlẹ́gùn-ún tí a fi ń dáná yọ nídìí òkìtì, ọwọ́ rẹ̀ ba aṣọ, ó fà á, ó sì dákẹ́. Obìnrin yẹn kì í dákẹ́. Bí ọ̀bẹ bá gé e, á kígbe. Bí ọbẹ̀ bá dùn ju bó ṣe rò lọ, á kígbe. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ọjọ́ ìfọṣọ ńlá tí à ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́fà, tí omi ti ń hó yaya nínú agbada bàbà, ńṣe ló kàn rọra yíjú sí mi.

"Wilmot, lọ pe Màdáámù wá. Má wo ibí. Mo ní má wò!"

Mo ti wò. Ọmọ ọwọ́ ni, ọmọbìnrin. Wọ́n fi aṣọ tí a fi ń nu àwo wé e tónítóní, bí ìgbà tí èèyàn wé ohun tí kò fẹ́ kí òtútù mú. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló yọ síta.

"Ọlọ́run mi," ni Ìyá Grose wí nígbà tó rí ohùn rẹ̀. "Ta ni wọ́n máa yẹgi fún báyìí?"

"Bóyá ó ti kú kó tó wáyé."

"Kò sí bóyá nínú òfin, ìwọ ọmọ yìí. Ọmọbìnrin tí kò lọ́kọ, tó fi oyún pamọ́, tó bímọ ní kọ̀rọ̀, tí ọmọ sì kú, adájọ́ ò ní bi í bóyá òun ló pa á. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú ẹlẹ́rìí wá pé òkú lòun bí. Ta ló sì ń pe ẹlẹ́rìí sí kọ̀rọ̀? Okùn ni, ní Launceston níbi tí ilé ẹjọ́ ńlá wà, lójú gbogbo ayé."

Obìnrin mẹ́ta péré ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé Màdáámù Penhallow: Ìyá Grose, èmi tí mò ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná, àti Loveday Rosewarne tó ń tọ́jú yàrá Màdáámù. Èmi àti Loveday la jọ ń sùn lórí tìmùtìmù koríko kan ṣoṣo lábẹ́ òrùlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níhìn-ín kí n tó lọ jìnnà, nítorí bí mo bá dé iwájú, ojú lè tì mí débi tí n ó fi pa á jẹ: mo ti mọ̀. Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta tí mo ti mọ̀.

*

Kí agogo mẹ́wàá tó lù, Ọ̀gbẹ́ni Carlyon ti dé, ẹni tí ọba yàn ní agbègbè wa láti máa wádìí ikú òjijì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì ń kánjú. Ó gbé aṣọ ìnuwo náà sókè.

"Aṣọ ilé ìdáná rèé. Ọmọ ilé ìdáná ló ni ọ̀ràn." Ó na ìka sí mi. "Ìwọ. Kí lorúkọ rẹ?"

Ohùn kan ló dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà.

"Bí wọ́n bá rí ọ̀bẹ ilé ìdáná lẹ́yìn yín, Ọ̀gá Carlyon, ṣé alásè náà ló gún yín nìyẹn? Ọjọ́ ìfọṣọ ni. Gbogbo aṣọ ilé yìí ló ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìfọṣọ láti ọjọ́bọ̀. Ẹni bá wọlé lè mú èyí tó wù ú."

Ìyá Tregear ni, agbẹ̀bí ìlú Porthennis. Òun ló gba ìdajì àwa tí a wà níbẹ̀ sáyé. Ó kúrú, ó sanra, ojú rẹ̀ kéré bí ojú ẹyẹ, ohun tí ojú náà bá sì rí, kò bọ́ mọ́. Bí nǹkan bá sọnù ní ìlú wa, tàbí tí ẹnì kan kú ikú tí kò yéni, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè kí wọ́n tó pe ọlọ́pàá.

"Ìyá Tregear, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ iṣẹ́ mi," ni Ọ̀gbẹ́ni Carlyon wí.

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ lẹ sáà kọ́kọ́ fi wáyé, èmi ni mo fà yín jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ yín fi máa ń ṣáájú orí yín dé ibi gbogbo. Ẹ jókòó. Èmi àti àwọn obìnrin wọ̀nyí ní nǹkan tí a fẹ́ ṣe."

Yàrá tí a ń kó oúnjẹ sí ló kó wa wọ̀, láàárín ìkòkò ẹja sàwá oníyọ̀. Gbogbo obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ ilé rí ló mọ ohun tí wọ́n ń wá. Wàrà ọmú ni.

Ìyá Grose ló kọ́kọ́ tú bọ́tìnì. "Ọdún mẹ́tàlélógún ni ọkọ mi ti kú. Bí ẹ bá rí wàrà níbẹ̀, ẹ pe àlùfáà, iṣẹ́ ìyanu ni."

"Ẹnu ẹ ṣì ń bẹ láyé," Ìyá Tregear wí, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó kọjá sọ́dọ̀ mi. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo wo òkè àjà. Kò rí nǹkan kan lára mi, ṣùgbọ́n ó wo ojú mi pẹ́ ju bó ṣe wo àyà mi lọ.

Loveday ò jẹ́ kó kan òun. Ó ti tú aṣọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, iwájú ṣimí rẹ̀ sì ti rin gbingbin.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ìyá," ló wí. "Èmi ni."

*

Orí àga ilé ìdáná ni wọ́n ti bi í léèrè ọ̀rọ̀. Màdáámù Penhallow dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó kọ̀yìn sí wa.

"Ọjọ́ wo?" Ọ̀gbẹ́ni Carlyon bi í.

"Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìgbà tí olùṣọ́ orí òkè kígbe pé ẹja ti wọlé."

Gbogbo wa rántí. Bí olùṣọ́ bá ti rí omi tó ṣú dúdú fún ẹja sàwá, tó kígbe láti orí òkè, kò sẹ́ni tó ń dúró nílé ní Porthennis. Màdáámù alára sáré lọ. Ìyá Grose gbé agbọ̀n. Èmi ti fo àtẹ̀gùn méjì-méjì kí ariwo náà tó tán, nítorí Digory Hocking wà nínú ọkọ̀ tó máa da àwọ̀n.

"O ò pe ẹnikẹ́ni?"

"Mo pariwo, ọ̀gá. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Gbogbo ìlú ló wà létíkun."

"Ṣé ọmọ náà ké?"

"Rárá. Mo dúró kó ké. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Kò ké."

"Ó ń yí nínú rẹ tẹ́lẹ̀?" Ìyá Tregear ló bi í báyìí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kò ti yí mọ́."

Agbẹ̀bí náà yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Carlyon. "Mo ti yẹ ọmọ náà wò. Èékánná rẹ̀ ò tíì dé góńgó ìka: oṣù rẹ̀ ò pé. Awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń bó. Ní tèmi, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti kú sínú ìyá rẹ̀ kó tó bí i."

"Ṣé ẹ lè búra?"

"Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó bí i. Mo lè búra sí ohun tí mo rí, mi ò lè búra sí ohun tí mi ò rí."

"Nígbà náà ẹ̀rí ò sí. Ó fi oyún pamọ́, ó fi òkú pamọ́. Òfin ti parí iṣẹ́ tirẹ̀."

"Ó ku ìbéèrè kan." Ìyá Tregear tẹ̀ síwájú. "Loveday, fara balẹ̀ dáhùn. Ṣé o rán aṣọ kankan sílẹ̀ fún ọmọ náà?"

Mo mọ ìdí tó fi bi í, Ọ̀gbẹ́ni Carlyon náà mọ̀, nítorí ṣe ló gbójú sókè. Àwọn adájọ́ Launceston kì í yẹgi fún ọmọbìnrin tó ti rán aṣọ de ọmọ rẹ̀. Bó jẹ́ fìlà kan péré ló mú wá, wọ́n á ní ẹni tó ń retí láti dé fìlà fún ọmọ kì í ṣe ẹni tó fẹ́ pa á. Fìlà tí kò tóbi ju ọsàn lọ ló wà láàárín Loveday àti okùn.

"Mo rán an, ìyá. Fìlà mẹ́ta àti ẹ̀wù kan. Wọ́n wà nínú koríko tìmùtìmù wa. Mo fẹ́ fi ọ̀kan dé e lórí kí n tó lọ sin ín, ṣùgbọ́n…" Ó wolẹ̀. "Ṣùgbọ́n Wilmot ò kúrò nínú yàrá."

*

Gbogbo wa gun òkè àyàfi Ìyá Grose. Ọ̀gbẹ́ni Carlyon fi ọ̀bẹ ya ẹ̀gbẹ́ tìmùtìmù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Koríko dà sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ tú u, ó fi bàtà dídán rẹ̀ tú u.

Kò sí fìlà. Kò sí ẹ̀wù.

"Irọ́," ló wí.

Mo retí kí Loveday sunkún. Kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ sínú koríko náà, ó ń ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá Tregear ló gbé e dìde. Ọlọ́pàá tó bá Ọ̀gbẹ́ni Carlyon wá fà á lọ sí ilé ọtí tó wà létíkun, níbi tí wọn yóò ti jókòó sí ọ̀ràn náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀.

Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ tán kí n tó rí i pé Ìyá Tregear ò tíì lọ. Ó gbé ojú tìmùtìmù náà sún mọ́ ìmọ́lẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán rẹ̀. Ó mú un sí imú. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀.

"Ìyá Grose, ìgbà wo lo gun òkè yìí kẹ́yìn?"

"Èmi? Orúnkún mi yìí? Ọdún tí wọ́n yí òrùlé padà ni. Bí iná bá tilẹ̀ ń jó wọn lókè, ìsàlẹ̀ ni n ó ti máa gbàdúrà fún wọn."

Ẹ̀yìnkùlé ló ti wá bá mi, níbi tí mo jókòó tí mò ń bó tọ́nípù ọbẹ̀. Ó jókòó sórí òkúta, ó mí kanlẹ̀.

"Wilmot Keast, báwo lo ṣe máa ń rán inú pẹ́pẹ́yẹ bí o bá ti kó èròjà sí i?"

"Bí… bí gbogbo ayé ṣe ń rán an, ìyá."

"Rárá. Fi hàn mí lórí ìka rẹ. O máa ń gun abẹ́rẹ́ láti òdì, o sì máa ń fò gbàgà-gbàgà, nítorí o ó tún tú u náà ni. Òwú rẹ nípọn, ọ̀rá ẹran ti mu ún yó. Loveday ń tún aṣọ Màdáámù rán. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ há bí eyín eku. Ìsàlẹ̀ tìmùtìmù yẹn, bí eyín eku ló rí. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́, ó tó ìwọ̀n ọwọ́ kan, ó rí bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ, ó sì ń rùn bí i."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ibo lo kó wọn sí, ọmọ mi?"

"Mo jó wọn."

Ó mú ọ̀bẹ náà nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó tọ́nípù. Ọ̀rọ̀ bá ń já jáde lẹ́nu mi.

"Lẹ́tà ni mò ń wá. Lẹ́tà Digory. Ní ọjọ́ àjọ̀dún iná àárín ọdún, ó mú mi lọ́wọ́, a jọ fo eérú iná, ó ní ojú mi dára bí omi òkun nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Láti ìgbà náà mi ò sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá gbé ẹja wá sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, Loveday ló ń bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Inú Loveday sì ń ga. Mo ṣírò rẹ̀, mo ní ti Digory ni. Mo ya tìmùtìmù kí n lè rí ìwé tó kọ sí i, fìlà ni mo bá. Ó kéré, ìyá. Ó lẹ́wà. Inú bí mi nítorí pé ó lẹ́wà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ sínú iná, mo sì fi ìkòkò tọ́nípù lé e lórí. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni máa kú."

"Ẹnikẹ́ni ò tíì kú bí kò ṣe ọmọ kan, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹjọ́ rẹ. Èyí tó máa kú ní Launceston ni yóò jẹ́ ẹjọ́ rẹ."

"N ó sọ fún wọn pé mo rí fìlà náà."

"Wọn á ní ọ̀rẹ́ ń gba ọ̀rẹ́ sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń sùn, ta ni yóò gbà wọ́n gbọ́? Ìdí tí o fi jó wọn lo máa sọ. Gbogbo rẹ̀. Níwájú ọkùnrin méjìlá tó máa dájọ́ àti gbogbo ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé. Kò sí ọmọbìnrin tó máa pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ìtìjú rẹ ni ẹ̀rí tí mo ní, mi ò ní òmíràn."

"Digory máa wà níbẹ̀."

"Ó máa wà níbẹ̀."

Mo sunkún sórí tọ́nípù. Nígbà tó yá, mo nu imú mi. "Fìlà àkọ́kọ́, ìyá, ó ní…"

Ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu kíákíá. "Má sọ bí wọ́n ṣe rí fún mi! Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Dá a dúró di ọ̀la."

*

Ilé ọtí náà kún dé ìta. Àwọn ọkùnrin méjìlá tó máa dájọ́ jókòó ní ìlà méjì: apẹja, oníṣẹ́-awọ, alágbẹ̀dẹ. Digory dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, irun rẹ̀ ṣì tutù fún omi òkun.

Mo sọ ọ́. Mi ò lè sọ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo mọ̀ pé nígbà tí mo dé ibi orúkọ Digory, ẹnì kan fi ẹnu súfèé, ẹ̀rín sì bú.

"Ẹja ni mò ń gbé wá o!" Digory kígbe, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. "Ẹja nìkan!"

"Ẹ dákẹ́!" Ọ̀gbẹ́ni Carlyon gbá tábìlì. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ọ̀rẹ́ rẹ ni. Kí ni kò ní jẹ́ kó jẹ́ pé ẹ jọ gbìmọ̀ rẹ̀ ni?"

Ìyá Tregear dìde. "Ọ̀gá, láti ìgbà tí wọ́n ti mú Loveday kúrò nílé, ta ló ti bá a sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́ni kankan," ọlọ́pàá dáhùn. "Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi."

"Kó tó lọ, ohun tó sọ kò ju fìlà mẹ́ta àti ẹ̀wù kan lọ. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Ó yá, Wilmot, sọ bí wọ́n ṣe rí."

Mo di ojú, wọ́n sì wà níwájú mi bí ọjọ́ tí mo jó wọn. "Méjì ní òwú funfun létí. Ìkẹta ní òwú búlúù. Ó dà bíi pé funfun tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀wù náà ò tíì ní apá òsì. Nínú fìlà olówùú búlúù, àmì pupa kan wà, irú èyí tí wọ́n ń rán sára aṣọ ilé kó má bàa sọnù: P, àti méje."

Ìyá Tregear ní kí wọ́n mú Loveday wá. Kò wò mí. Wọ́n bi í ní ìbéèrè kan náà.

"Méjì olówùú funfun, ọ̀kan olówùú búlúù," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Apá ẹ̀wù kan ò tíì sí. Inú ṣimí àtijọ́ tí Màdáámù fún mi lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni mo ti gé gbogbo rẹ̀. Mi ò rí àmì rẹ̀ tú, méje ni nọ́ḿbà rẹ̀."

Ariwo sọ. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Màdáámù Penhallow. Ó dìde.

"Lóòótọ́ ni. Èmi ni mo fún un. Keje ni." A rò pé ó ti parí. "Mo rí i pé ó ń sanra. Mo sọ fún un pé kó fún okùn ẹ̀wù rẹ̀ le sí i, nítorí àlejò ń bọ̀. Mi ò bi í léèrè nǹkan míì."

Ọ̀gbẹ́ni Carlyon kọ̀wé, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. "Baba ọmọ náà ńkọ́? Ṣé ọkùnrin yìí ni?"

Loveday wo Digory bí ẹni tó ń wo àjèjì. "Jory Nance ni, ará abúlé wa. A ti ní kí àlùfáà kéde ìgbéyàwó wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjì oṣù kẹta gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìkéde náà. Mo fẹ́ lọ bí i lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi lóṣù kẹsàn-án. Mo rò pé mo ṣì ní àyè."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn ọkùnrin méjìlá náà forí korí. Alágbẹ̀dẹ ló dìde, ó ní òkú ni wọ́n bí ọmọ náà, kò sí ẹni tó pa á, kí ọmọbìnrin náà máa lọ sílé.

Àwọn èèyàn ń ti ara wọn jáde. Digory kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dúró díẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ rẹ ni mò ń bi í," ló wí láìwojú mi. "Mò ń bi í bóyá Wilmot máa gbà bí mo bá ní ká jọ máa rìn." Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Níta, Ìyá Grose ti ń dúró de Loveday pẹ̀lú aṣọ ìborùn. Ìyá Tregear gbé àpótí pákó kékeré kan mọ́ àyà. Mo lọ bá wọn. Mo ti to gbogbo ẹ̀bẹ̀ mi jọ lọ́kàn, ṣùgbọ́n Loveday ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Oṣù mẹ́ta, Wilmot. Ojoojúmọ́ tí a bá jọ ń tẹ́ ibùsùn yẹn, mò ń sọ fún ara mi pé yóò bi mí lónìí. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá sọ fún ọ. Ìwọ ni ǹ bá kọ́kọ́ sọ fún."

Mo na ọwọ́ sí àpótí náà kí n lè bá wọn gbé e.

"À ń lọ sin ín," ló wí. "Má tẹ̀ lé wa."

Wọ́n gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo dúró síbi tó fi mí sí. Àwọn èèyàn ń jáde láti ilé ọtí, wọ́n ń gba ọ̀tún àti òsì mi kọjá, wọ́n ń wò mí tẹ̀sín-tẹ̀sín. Ìborùn wà lọ́rùn mi, mo lè fà á bo ojú. Mi ò fà á.